Kòkànyín, Ajá Bàbá Ládánì

Àwọn kan ṣì ń sọ ọ́ lábúlé wa títí dòní pé ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kò gbọdọ̀ sin ajá. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn níwájú ìsọ̀ mi, mo máa ń ní kó ra ohun tó fẹ́ rà kó máa bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ ìjọ Kérúbù ni mí, kò sì sí ohun tó pa mí pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ilé Bàbá Ládánì ló kángun sí tèmi, ojú mi ni gbogbo rẹ̀ ṣe, inú sì máa ń bí mi tí ẹni tí kò sí níbẹ̀ bá ń ròyìn fún ẹni tó wà níbẹ̀.

Bàṣírù lorúkọ tí wọ́n sọ wọ́n, a kàn kì í pè wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń gbìn lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìrókò, wọ́n sì ti ń ṣe ládánì abúlé wa kí n tó wá sílé ọkọ. Ohùn wọn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Tí wọ́n bá ti pe Àsùbáà tán, èmi náà á dìde, màá gbá iwájú ìsọ̀, màá to àwọn ìgò bẹntiróòlù mi síta fún àwọn ọlọ́kadà. Kò sígbà tí mo wo aago rí.

Nígbà tí ìyàwó wọn, Fàtímọ̀, kú, ilé wọn wá dá wáí. Zubaidah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń ta ata ní Ṣáṣá. Ó bẹ̀ wọ́n títí pé kí wọ́n wá máa bá òun gbé, wọ́n fàáké kọ́rí. Wọ́n ní ta ni yóò máa pe ìrun, ta ni yóò máa ṣọ́ oko. Oko yẹn gan-an, ọ̀bọ ti sọ ọ́ di tiwọn. Ni Zubaidah bá gbé ọmọ ajá pupa kékeré kan wá nínú apẹ̀rẹ̀ ata lọ́jọ́ kan, ó gbé e kalẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ fi èyí ṣọ́ oko."

Ẹ wá wo ariwo lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn! Ọ̀kan ní màláíkà kì í wọlé tí ajá bá wà. Èkejì ní itọ́ ajá á máa ta sí aṣọ tí wọ́n fi ń pe ìrun. Lèmọ́mù fúnra wọn ló wá parí ẹ̀. Wọ́n ní ajá oko kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nínú, kí ó sáà má wọ iyàrá, kí ó sì má fara kan aṣọ ìrun. Àwọn èèyàn ò panu mọ́ síbẹ̀síbẹ̀. Ìgbà tí Bàbá wá sọ ajá lórúkọ, Kòkànyín ni wọ́n pè é. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á fi ohùn tí wọ́n fi ń pe ìrun yẹn ké sí i: "Kòkànyín! Kòkànyín o!" Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń bá wí á máa ṣe bí ẹni pé àwọn ò gbọ́. Èmi a máa rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni ajá yẹn jẹ́ fún wọn o. Bàbá pa gbogbo òfin Lèmọ́mù mọ́. Aṣọ ajá wà lọ́tọ̀, aṣọ ìrun wà lọ́tọ̀. Kẹ́tù tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá fọwọ́ kan ajá, ẹ̀yìn ilé ló ń gbé, kò bá kẹ́tù àlùwàlá pàdé rí. Tí ajá bá fi ahọ́n lá abọ́ kan, Bàbá á fi erùpẹ̀ fọ̀ ọ́, wọ́n á wá da omi sí i léraléra bí Lèmọ́mù ṣe kọ́ wọn. Wọ́n fi páànù àti igi kọ́ ilé kékeré fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri mi, wọ́n gbé ilẹ̀ ibẹ̀ sókè kí àgbàrá má baà wọ̀ ọ́. Ilé yẹn ò jò. Tèmi ń jò.

Ìlera rẹ̀ ńkọ́? Háà. Dókítà ẹran kan wà ní Mọ́níyà, ọmọbìnrin ni, Olúwadọ̀tun lorúkọ rẹ̀. Ọdọọdún ni Bàbá ń gbé Kòkànyín lọ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n á wọ aṣọ ajá, wọ́n á gbé e sí àárín ara wọn àti ọlọ́kadà, àwọn èèyàn á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lójú títì. Ohunkóhun tí ọmọbìnrin náà bá sọ, abẹ gé e. Ó ní kí wọ́n má fún un légungun adìyẹ, wọn ò fún un mọ́. Ó ní kí wọ́n máa lo oògùn aràn fún un, wọ́n ń lò ó. Lọ́jọ́ tí oko bá sinmi, wọ́n á jókòó sábẹ́ òrùlé, wọ́n á máa wá eégbọn lára ajá, wọ́n á máa yẹ inú etí rẹ̀ wò, wọ́n á máa bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ Fàtímọ̀ ni wọ́n ń bá a sọ jù. Mo máa ń gbọ́ láti inú ilé ìdáná mi.

Ohun tó ń ba Bàbá lẹ́rù jù lọ ni àwọn tó ń jí ajá gbé. Wọ́n máa ń gun ọ̀kadà wá láti ibi tí a ò mọ̀, wọ́n á ju ẹran tí wọ́n ti fi oògùn sí sílẹ̀ fún ajá. Tí ajá bá jẹ ẹ́, tó bá ṣubú, wọ́n á gbé e sínú àpò, ó parí. Bí ajá Àbáyọ̀mí tó ń ta pákó ṣe lọ nìyẹn. Bàbá ní tiwọn ò ní lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ.

Èmi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n á ní, "Ìyá Tọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na ẹran yìí sí i." Èmi á na ẹran. Bí ajá bá ti ń bọ̀, Bàbá á fi igi gbá ilẹ̀ gbì, wọ́n á ní, "Ó tì!" Lẹ́yìn náà, wọ́n á gba ẹran náà lọ́wọ́ mi, àwọn fúnra wọn á wá nà án, wọ́n á ní, "Bísímílà." Ìgbà yẹn ni ajá tó lè jẹ. A ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára. Nígbà tó yá, kódà kí o gbé ìkòkò ọbẹ̀ síwájú Kòkànyín, á kàn máa wò ọ́ ni. Bí kò bá ti sí ọwọ́ Bàbá, bí kò bá ti sí Bísímílà, kò ní ṣí ẹnu. Àwọn ọmọdé á máa wá fi bisikíìtì dán an wò, ajá á ṣíjú kúrò bí ìyá arúgbó tí wọ́n bú.

"Ẹ wò ó," Bàbá á wí, inú wọn á dùn, "ta ló lè fún un ní nǹkan kan jẹ báyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin nìkan ni, Bàbá."

Wọ́n ní, "Èmi nìkan."

Ọ̀rọ̀ èkúté ló kó wàhálà dé. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èkúté pọ̀ lábúlé ju èèyàn lọ. Láyí tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa kó àgbàdo rẹ̀ sínú àká, eku ń jẹ ẹ́ láti òru dé òwúrọ̀. Ó lọ ra ọ̀tápíàpíà ní Ṣáṣá lọ́wọ́ àwọn tó máa ń fi gbohùngbohùn polówó, ó pò ó mọ́ ẹja gbígbẹ àti gààrí, ó sì tì í sábẹ́ àká. Láyí kì í ṣèèyàn burúkú, ẹ má bá mi bú u. Ó lọ láti ojúlé dé ojúlé kó tó ṣe é. Ó ní ká so ewúrẹ́, ká ti adìyẹ mọ́lé. Ó dé ọ̀dọ̀ Bàbá Ládánì náà. Mo wà níbẹ̀.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Láyí, sọ fún àwọn tó ní ewúrẹ́. Ajá tèmi kì í jẹ ohun tí n kò bá fún un."

Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wa ni pé Bàbá kan náà ló ti kọ́ ajá láti máa pa eku lóko, tí wọ́n máa ń yìn ín, tí wọ́n máa ń fọwọ́ pa á lórí tó bá ti pa á tó sì jẹ ẹ́. Eku ò sí lọ́wọ́ èèyàn kankan. Eku ń rìn fúnra rẹ̀ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, Àlàásárì ti kù díẹ̀. Bàbá ti dé láti oko, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ jálàbíà funfun wọn, wọ́n ń ṣe àlùwàlá lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí. Èmi ń fọ ìgò. Mo kàn rí Kòkànyín tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn àká Láyí, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mutí yó. Ìdajì èkúté ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó máa dé iwájú ìsọ̀ mi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kọ̀ fún un, ó wó lulẹ̀, ara rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀.

Mo figbe ta. Láyí sáré jáde, ó rí ìdajì eku, ó rí ẹja gbígbẹ tó so mọ́ eyín eku náà, ó ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Oògùn mi ni!"

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹni tó bá jẹ májèlé. Epo pupa. Bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì, epo pupa ni. Bí ewúrẹ́ bá jẹ ewé burúkú, epo pupa náà ni. Ohun tí ìyá wa ṣe nìyẹn, ohun tí ìyá wọn ṣe nìyẹn. Gbogbo wa là ń pariwo ẹ lẹ́ẹ̀kan náà: "Epo! Ẹ gbé epo wá!" Gbọ́njúbọ́lá, ìyàwó Láyí, gbé ìgò epo kan jáde nínú ilé ìdáná rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó fẹ́ dà á sí ajá lẹ́nu.

Ajá kọ̀. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ ti yí padà, ṣùgbọ́n ó pa eyín pọ̀. Láyí gbà á lọ́wọ́ ìyàwó, ó gbìyànjú, kò gbà. Ẹlòmíràn tún gbìyànjú, epo kàn ń dà sí ilẹ̀ ni. Èmi ní kí n pe dókítà, ṣùgbọ́n fóònù kì í wọlé níwájú ìsọ̀ mi, àfi lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lókè lọ́hùn-ún. Mo kó ìró mi mọ́wọ́, mo ń sáré lọ síbẹ̀. Mo pàdé Bàbá lójú ọ̀nà, wọ́n ń sáré bọ̀. Omi àlùwàlá ṣì ń kán ní irùngbọ̀n wọn.

Mo pe dókítà, kò lọ. Mo tún pè é, ó ní nọ́ńbà náà ò sí lórí ẹ̀rọ. Orí mi gbóná, mo ń bú fóònù bí ẹni pé èèyàn ni. Ìgbà tó wá wọlé, mo kó gbogbo ọ̀rọ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan: Kòkànyín, eku, ọ̀tápíàpíà, ó ń gbọ̀n, ó ń hó lẹ́nu.

Ọmọbìnrin náà ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ má fún un ní nǹkan kan lẹ́nu. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má fún un lépo pupa. Epo á jẹ́ kí májèlé yẹn tètè wọ ara ẹ̀ ni, ó sì lè gba ibi èémí wọlé. Ẹ gbé e bó ṣe wà, ẹ máa bọ̀. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Mo yíjú padà. Mo pariwo, "Ẹ má fún un o! Bàbá, ẹ má fún un lépo!" Ohùn mi ò kéré, ẹ bi àwọn ará abúlé wa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pariwo náà ni mò ń rí wọn. Bàbá ti kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ nínú jálàbíà funfun. Orí ajá wà lórí itan wọn, ìgò wà lọ́wọ́ wọn, kò sì sí nǹkan kan nínú ìgò mọ́.

Àwọn tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé Bàbá kàn gbé orí rẹ̀ sókè ni, wọ́n ní, "Bísímílà, Kòkànyín, Bísímílà," ajá sì la ẹnu. Wọ́n ní ó gbé e mì bí omi. Inú gbogbo wọn dùn. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́.

Mi ò sọ ohun tí dókítà wí fún Bàbá níbẹ̀. Mo kàn ní, "Ó ní ká máa bọ̀." Sanmí ọlọ́kadà dúró, ó rí ẹnu ajá tó ń hó, ó ní òun ò gbé dìgbòlugi. Mo ní, "Sanmí! Ojú mi ni wọ́n ṣe bí ọ! Ajá tó gba abẹ́rẹ́ ju ìwọ lọ! Tí o ò bá gbé wa báyìí, má wá ra bẹntiróòlù níwájú ìsọ̀ mi mọ́ láyé rẹ!" Ó gbé wa. Bàbá wà láàárín, ajá wà láyà wọn, èmi dì wọ́n mú láti ẹ̀yìn. Ajá tí kò fara kan aṣọ ìrun rí, epo àti itọ́ rẹ̀ ti rin aṣọ náà títí dé ara. Lẹ́yìn wa, mo gbọ́ tí Mikail ọmọ Lèmọ́mù ń pe Àlàásárì. Kò tíì pè é rí. Bàbá ò yíjú wẹ̀yìn.

Lójú ọ̀nà, ajá ń wúkọ́. Ikọ́ tó ní omi nínú. Gbogbo ìgbà tó bá wúkọ́ ni Bàbá ń sọ pé, "Ó ń pọ̀ ọ́. Ìyá Tọ́lá, epo náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń pọ̀ ọ́." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ bá mi wò ó, kí ni ènìyàn máa wí lórí ọ̀kadà?

Ó ṣì ń mí nígbà tí a débẹ̀. Dókítà gún un lábẹ́rẹ́, ó tún gún un. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré sí etí, ó fi gbọ́ àyà ajá, mo sì rí ojú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀. Ó rí epo ní ẹnu ajá. Ó wò mí, mo mi orí. Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn fún mi. Ó sáà ń ṣiṣẹ́ lọ, ó ń nu imú ajá, ó ń yí i sí ẹ̀gbẹ́, Bàbá sì di ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan mú. A dúró. Kò sí ohun tí a lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwa ò mọ iṣẹ́ náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n sì ti ṣe gbogbo ohun tó mọ̀. Kòkànyín fi ahọ́n kan àtàǹpàkò Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò mí mọ́.

Ìgbà yẹn ni Bàbá bi í. Ohùn wọn rọlẹ̀. "Dókítà, wọ́n ní ẹ ní kí a má fún un lépo?" Ẹnì kan tó gbọ́ igbe mi ti sọ ọ́ fún wọn kí a tó gun ọ̀kadà, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo ojú ọ̀nà.

Ọmọbìnrin náà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Tí n kò bá fún un ńkọ́?"

Ó ní, "Mi ò lè sọ, Bàbá. Májèlé yẹn lágbára gan-an. Bóyá."

Èmi ì bá parọ́. Ọmọbìnrin náà kò parọ́. "Bóyá" yẹn ni Bàbá gbé délé.

A sin Kòkànyín sí etí oko, lábẹ́ igi tó máa ń dúró sí tó bá ń gbó àwọn ọ̀bọ. Lèmọ́mù wá. Wọ́n rí aṣọ tó wà lára Bàbá. Wọ́n gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n bá wọn gbẹ́ ilẹ̀. Láyí dúró lókèèrè, ó ń sunkún, Bàbá ló lọ pè é. Wọ́n ní, "O sọ fún mi. O wá sílé mi wá sọ fún mi."

Ní ọjọ́ kejì, mo gbọ́ Àsùbáà. Ohùn Bàbá ni, kò yí padà. Mo dìde, mo to ìgò mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo rò pé ó ti tán.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá lọ fún wọn, torí mi ò rí èéfín ní ilé ìdáná wọn láti àárọ̀. Wọ́n kí mi, wọ́n ṣàdúrà fún àwọn ọmọ mi, wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n na ọwọ́ sí oúnjẹ, wọ́n ní, "Bísí..."

Wọ́n gbé ọwọ́ náà sókè, wọ́n ń wò ó.

Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́lá, gbogbo yín lẹ na ọwọ́ sí i. Kò gbà. Gbogbo yín lẹ fẹ́ fún un, ó pa ẹnu dé. Tèmi ló gbà."

Mo jókòó tì wọ́n títí ẹ̀bà náà fi tutù.